Láti orí ìwé dé Play Store: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe géèmù gan-an?

OmoIjapo (Àkúrẹ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní FUTA fẹ́ ṣe géèmù ayò ọlọ́pọ́n fún fóònù Android. Mo mọ Python kọ díẹ̀, òun mọ àwòrán yà. Laptop kan la ní, RAM 8GB, kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. Dátà wọ́n, iná náà ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo fídíò tí mo ń rí, bí wọ́n ṣe ń mú ọkùnrin kékeré kan fò káàkiri ni wọ́n ń kọ́ni. Kò sí èyí tó sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, láti ìgbà tí èèyàn ti rò ó títí dìgbà tí ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní Òkìtìpupa yóò fi rí i lórí fóònù rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe? Ẹ́ńjìnnì wo (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù) ló bá laptop yìí mu? Ìgbà wo ni ayàwòrán ń bẹ̀rẹ̀? Èló ló máa ná wa láti gbé e jáde?

AgbaOpon (Alágbàká):

Àbúrò, ayò tí ẹ mú yẹn dára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ọpọ́n náà kò ju nọ́ńbà 12 tó tò lẹ́sẹẹsẹ lọ. Ẹni tó bá fi géèmù ogun onílùú márùn-ún bẹ̀rẹ̀, ìlú àkọ́kọ́ ni yóò kú sí.

Ìwé ló ṣáájú, ojú ewé kan ṣoṣo. Ẹ má kọ ìtàn sí i, òfin ni kí ẹ kọ. Bí wọ́n ṣe ń ta ayò ní àdúgbò kan kọ́ ni wọ́n ń ta á ní òmíràn: àwọn kan ń jẹ méjì àti mẹ́ta, àwọn mìíràn ń jẹ mẹ́rin. Ẹ mú ọ̀kan. Tí ilé alátakò bá ṣófo, ṣé dandan ni kí n ta ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Tí ọmọ ayò méjì bá ń lé ara wọn kiri ọpọ́n, tí kò sẹ́ni tó lè jẹ wọ́n, ìgbà wo ni ayò parí? Kọ̀ǹpútà kò ní àgbà lábẹ́ igi tí yóò bá a dájọ́. Ohun tí ẹ ò bá kọ, yóò máa yí po títí bátìrì yóò fi kú. Ẹ tún kọ ohun tí kò ní sí nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́: kò sí títa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí owó ẹyọ, kò sí ìforúkọsílẹ̀. Ìlà yìí ló máa gbà yín jù.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ wá ọpọ́n gidi. Kí ẹnì kan ta, kí ẹnìkejì jókòó ti ìwé náà, kó má ṣe ohunkóhun tí ìwé kò bá sọ. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni òfin yín ti jò. Ìrọ̀lẹ́ kan péré lórí èyí sàn ju kí ẹ máa tú kóòdù palẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan.

Fún laptop yín, Godot ni. Kò tó 200MB, ẹ kàn tú zip rẹ̀ kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ MIT ló wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín bí géèmù bá tà. GDScript, èdè kóòdù rẹ̀, sì jọ Python bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń jọ àbúrò. Unity náà lè ṣe é, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tíì kọjá $200,000 lọ́dún, àmọ́ yóò jẹ ọ̀pọ̀ gígábáìtì dátà kí ẹ tó rí ojú rẹ̀. Ní September 2023 wọ́n kéde owó tí wọ́n fẹ́ máa gbà nígbà gbogbo tí èèyàn bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ariwo sọ, wọ́n sì fagi lé e ní September 2024. Unreal ńkọ́? Ẹ má gbé tírélà lọ ra tòmátì l'Ọjà Ọba.

Tí Godot bá béèrè renderer (ohun tó ń gbé àwòrán jáde sójú fóònù), ẹ mú Compatibility. Òun ni fóònù olówó pọ́ọ́kú lè gbé láìgbóná.

Kóòdù àkọ́kọ́ kò nílò àwòrán kankan. Òbìrìkìtì 12, nọ́ńbà kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tán. Ilé 0 dé 5 jẹ́ ti ẹni ìsàlẹ̀, 6 dé 11 ti ẹni òkè. Ibi títa nìyí:

```
func ta(ile):
    var omo = opon[ile]
    opon[ile] = 0
    var i = ile
    while omo > 0:
        i = (i + 1) % 12
        if i == ile:
            continue
        opon[i] += 1
        omo -= 1
    return i
```

Ìlà tó ní `continue` yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tí odù, ilé tí ọmọ ti kún inú rẹ̀, bá tó ọmọ 12, tó yí ọpọ́n po, kò gbọdọ̀ já ọmọ kankan sínú ilé tó ti gbéra. Bí ìlà náà kò bá sí, ẹ lè má tètè mọ̀, torí odù kì í ṣe ojoojúmọ́. Ẹni tó mọ ayò ta ni yóò rí i lọ́jọ́ kìíní, á sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá èèyàn ta kò le bí ẹ ṣe rò. Ọ̀nà tó lè gbà ta lẹ́ẹ̀kan kò ju 6 lọ. Tó bá wo iwájú ní títa 6, ọ̀nà tó máa yẹ̀ wò lè tó 46,656. Tó bá wo 8, ó lè di 1,679,616, ibẹ̀ sì ni fóònù kékeré yóò ti dákú: tí ojú áàpù bá ti le fún ìṣẹ́jú àáyá 5, Android á béèrè lọ́wọ́ èèyàn bóyá kó pa á. Ẹ fi alpha-beta, ọgbọ́n ìṣirò kan, gé àwọn ẹ̀ka tí kò wúlò, kí ẹ sì gbé ìṣirò náà sínú Thread (iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù) kí ojú géèmù má baà le. Kí òpè máa wo títa 1, kí ọ̀ta máa wo 6.

Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, òbìrìkìtì 12 yẹn gbọ́dọ̀ ti wà lórí fóònù. Ẹ má fi export (sísọ géèmù di fáìlì tó wọ fóònù) sí ìparí iṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kú sí. Ẹ máa nílò JDK 17, Android SDK, àti export templates tó tóbi ju Godot fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ wá Wi-Fi lóru fún ìyẹn.

Ẹ óò máa gbọ́ alpha àti beta. Tí gbogbo nǹkan tó wà nínú ìwé bá ti ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ burẹ́wà, alpha nìyẹn. Tí àwòrán àti ìró bá pé, tó ku àbùkù nìkan, ó di beta. Lẹ́yìn beta, ẹni tó bá ní òun ní èrò tuntun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀dà kejì, kí ẹ má jiyàn.

IyaAworan:

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àfi ibi tó ti jọ pé kí ayàwòrán káwọ́ gbera máa wòran títí alpha yóò fi dé. Rárá o. Ọjọ́ kìíní ló yẹ kó ti yan ìwọ̀n.

Ọ̀pọ̀ fóònù ní fífẹ̀ 360dp (dp ni ìwọ̀n tí Android fi ń wọn ojú fóònù) tí a bá gbé e dúró lóòró. Ilé 6 lórí ìlà kan, 60dp ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Google ní kí ohun tí èèyàn máa tẹ̀ má kéré sí 48dp, ìyẹn bíi mìlímítà 9. 12dp péré ló wá kù láàárín ilé sí ilé. Ọpọ́n lè dúró lóòró, kò di dandan kí èèyàn dá fóònù dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọnà àti ọ̀ṣọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ bá gbẹ́ sí etí ọpọ́n, inú 12dp yẹn ni yóò ti jẹ. Kó tó kun ohunkóhun ni kó ti mọ èyí.

Ẹ má wo bí fáìlì àwòrán ṣe kéré tó lórí laptop. PNG kan tó jẹ́ 2048 × 2048 lè má ju 300KB lọ nínú fóódà, àmọ́ tó bá wọ inú fóònù, 2048 lọ́nà 2048 lọ́nà báìtì 4 ni: 16MB. Ẹyọ kan o! Ìdí nìyí tí géèmù tó kéré lójú fi ń kú lọ́wọ́ ẹni tó ní RAM 2GB. Àwòrán ọpọ́n 1024 × 1024 jẹ́ 4MB, ó tó. Ọmọ ayò 64 × 64, kó yà á ní oríṣi mẹ́rin kí wọ́n má jọ ìbejì, kó kó gbogbo wọn sínú àwòrán kan ṣoṣo.

Ohun tó máa dójú tì yín jù ni ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọ́ àti ẹ́ kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode: lẹ́tà onísàmì ìsàlẹ̀ ló ń ṣáájú, àmì òkè U+0301 á wá tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì tí kò mọ èyí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Àwọn fọ́ǹtì ọlọ́ṣọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe báyìí. Noto Sans gbé e dáadáa. Ẹ kọ «Ọ̀ta jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n» sínú géèmù kí ẹ tó fẹ́ràn fọ́ǹtì kankan.

Ìró: ẹ gba ohùn ọmọ ayò gidi sílẹ̀, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú, fáànù ní pípa, mátírẹ́ẹ̀sì lójú fèrèsé. Ìró márùn-ún tàbí mẹ́fà ti ọmọ ayò tó ń já sínú ilé, kì í ṣe ẹyọ kan, torí ìró kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀léra máa ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ kó wọn sínú AudioStreamRandomizer, kí ó máa yí ohùn wọn díẹ̀ sókè sódò. Orin abẹ́lẹ̀, ẹ má fi sí WAV: ìṣẹ́jú kan jẹ́ bíi 10MB, OGG á sọ ọ́ di bíi 1MB.

Títa náà nílò àkókò. Tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá gba ìdá 0.12 ìṣẹ́jú àáyá, ọmọ mẹ́rin á dùn ún wò, odù ọlọ́mọ 15 á gba 1.8, ojú á ti máa kán èèyàn. Ẹ jẹ́ kí títẹ ojú fóònù parí rẹ̀ kíá.

OkeAro_Adanwo:

Díẹ̀ ni tèmi, lórí dídán wò.

Ẹ má ṣàlàyé fún ẹni tó ń dán an wò. Ẹ gbé fóònù lé e lọ́wọ́, kí ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ máa wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ibi tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ni ó rò pé ó yẹ kí bọ́tìnnì wà. Tó bá béèrè pé «ta ló kàn?», iṣẹ́ yín nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àti ẹni tó mọ ayò ta àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ẹ lo méjèèjì, torí ohun tí wọ́n máa bàjẹ́ yàtọ̀ síra.

Kí géèmù tó yá dé 60 fíréèmù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fíréèmù kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju mílísẹ́kọ́ńdù 16.7 lọ. Fún ayò, 30 tó, ìyẹn 33.3, bátìrì á sì pẹ́ sí i. Ẹ dán an wò lórí fóònù tó burú jù tí ẹ bá lè yá.

Ohun mẹ́ta tó máa ń bọ́ lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́. Èkíní, Godot ń mú arm64-v8a (ti fóònù 64-bit) nìkan tí ẹ bá ń ṣe export. Ọ̀pọ̀ fóònù kékeré ló ṣì ń lo Android 32-bit, ẹ mú armeabi-v7a mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní wọlé rárá. Èkejì, tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn, Godot á kàn pa géèmù láìbéèrè. Ẹ yọ quit_on_go_back nínú Project Settings, kí ẹ fi ìbéèrè tiyín síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìpè wọlé, ẹni náà sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, Android pa géèmù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà 12 náà, ohun tí oníkálukú ti jẹ, àti ẹni tó kàn pa mọ́ sí user://, fóódà ìpamọ́ géèmù, lẹ́yìn títa kọ̀ọ̀kan. Kò tó láíìnì mẹ́wàá.

Iná? Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà kóòdù yín. Ẹ fi fóódà .godot sínú .gitignore, ó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ máa push (ẹ gbé e lọ sórí GitHub) kí ẹ tó sùn. Fáìlì tó bá ju 100MB lọ, GitHub kò ní gbà á.

OmoIjapo:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Àǹtí IyaAworan náà ẹ ṣeun. Òbìrìkìtì 12 ti ń ta. Ó ku ọ̀rọ̀ owó àti bó ṣe máa jáde.

Alateja_Ondo:

Ọ̀nà mẹ́ta, owó rẹ̀ yàtọ̀.

itch.io, ojúlé tí wọ́n ń gbé géèmù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣe export sí Web, kí fáìlì àkọ́kọ́ máa jẹ́ index.html, ẹ fi zip dì í, ẹ gbé e sókè. Ẹni tó ní líǹkì á ta á nínú bírósà láìfi nǹkankan sórí fóònù. Tí ẹ bá tà á, ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tí wọ́n máa mú. Bí ẹ ò bá yí i, 10% ni. Ibẹ̀ dára fún ẹ̀dà tí kò tíì pé.

Play Store gba $25, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú káàdì tó lè san dọ́là, àti ìwé ìdánimọ̀ tí orúkọ rẹ̀ bá ti àkáǹtì mu. APK, fáìlì tó ń wọ fóònù tààrà, kọ́ ni wọ́n ń gbà fún áàpù tuntun, AAB ni, fáìlì tí Play fi ń ṣe APK fún fóònù kọ̀ọ̀kan, láti August 2021. Nínú Godot, AAB kò ní jáde àfi tí ẹ bá mú Use Gradle Build. Orúkọ package, ẹ rò ó dáadáa: com.example kò wọlé, èyí tí ẹ bá sì fi gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan kò ṣe é yí mọ́ láéláé. Version code gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i nígbà gbogbo tí ẹ bá gbé ẹ̀dà tuntun wá.

Keystore, fáìlì tí ẹ fi ń buwọ́ lu géèmù yín, ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ fi keytool ṣe é, RSA 2048, validity 10000, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì tí kì í ṣe laptop yẹn. Lórí Play, tí ẹ bá sọ upload key nù, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba tuntun. APK tí ẹ fi sí itch kò ní irú ojú àánú bẹ́ẹ̀: kọ́kọ́rọ́ nù, ẹni tó ní géèmù lórí fóònù gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kó tó lè gba ẹ̀dà tuntun, gbogbo ohun tó fi pa mọ́ á lọ.

Ẹ pèsè: ààmì 512 × 512, àwòrán òkè 1024 × 500, ó kéré tán àwòrán méjì láti inú géèmù, orúkọ tí kò ju lẹ́tà 30 lọ, àlàyé kúkúrú tí kò ju 80 lọ. Fọ́ọ̀mù ọjọ́ orí àti ti Data safety náà wà. Tí ẹ bá fi ìpolówó AdMob sí i, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbẹ̀. AdMob kì í sanwó títí owó yín yóò fi tó $100, mi ò ní kí ẹ fojú sí i fún ẹ̀dà àkọ́kọ́. Nínú ohun tí ẹ bá tà, 15% ni Google ń mú lórí $1,000,000 àkọ́kọ́ lọ́dún.

Kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde, àwọn olùdánwò 20 gbọ́dọ̀ lò ó fún ọjọ́ 14.

Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà: $100 fún géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dá a padà tó bá ti pa $1,000. 30% ni ìpín wọn. Ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, ojú ìwé «ń bọ̀ lọ́nà» sì gbọ́dọ̀ wà níta fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹ máa kún fọ́ọ̀mù owó orí W-8BEN. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà 30% máa ń lọ nínú ìpín yín lórí èyí tí wọ́n bá rà ní Amẹ́ríkà. Fún ayò orí fóònù, ẹ fi Steam sílẹ̀ ná.

OkeAro_Adanwo:

@Alateja_Ondo, ẹ má bínú, 20 ti di 12 láti December 2024. Ọjọ́ 14 ni ṣì wà, tẹ̀léra. Àkáǹtì ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣí lẹ́yìn November 13, 2023 ló kàn. Ti iléeṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. OmoIjapo, kó ímeèlì èèyàn 16 sílẹ̀, má kó 12. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ẹnì kan á yí fóònù padà, òmíràn á jáde nínú ìdánwò láìmọ̀, kíkà á sì dúró. Họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní FUTA tó fún ìyẹn.

OmoIjapo:

Ẹ ṣeun. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: ẹni òkè máa ń jẹ ọmọ inú ilé ara rẹ̀ nígbà mìíràn. Mo ka ọpọ́n lẹ́yìn títa kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti jẹ ṣì ń jẹ́ 48. Kò fọ́, kò kọ àṣìṣe kankan.

AgbaOpon:

Àròpọ̀ kò lè mú olè yẹn, torí ọmọ ayò kò kúrò nínú ilé yín, àpò tó yẹ kó wọ̀ ló ṣì. Wo ibi tó ti ń jẹ padà sẹ́yìn. Ó jẹ ilé 2, ó jẹ 1, ó jẹ 0, ó wá lọ sí -1. Nínú GDScript, `opon[-1]` kì í ṣe àṣìṣe, ẹni tó wà ní ìparí ni, ìyẹn ilé 11, ti ẹni òkè gan-an. Tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta bá wà níbẹ̀, á gbé e mì. Ẹni ìsàlẹ̀ náà ń ṣe é láti 6 lọ sí 5, ẹ ò kàn tíì rí i ni.

Má kàn fi posmod tún un ṣe, ìyẹn á gbé e dé 11 bákan náà. Kí ìlà tó ń jẹ padà kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé náà jẹ́ ti alátakò: `while i >= bere and i <= opin and (opon[i] == 2 or opon[i] == 3)`, kí bere àti opin jẹ́ 0 àti 5 tí ẹni òkè bá ń ta, 6 àti 11 tí ẹni ìsàlẹ̀ bá ń ta. Lẹ́yìn náà, gbé ọpọ́n kan kalẹ̀ nínú kóòdù tí 0, 1, 2 àti 11 rẹ̀ jẹ́ 2, 2, 2 àti 2, fi `i = 2` bẹ̀rẹ̀ jíjẹ náà, kí o wò ó bóyá ohun tí ẹni òkè rí jẹ́ 6. Tó bá jẹ́ 8, kò tíì yanjú.